Woody Guthrie: Ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin àtijọ́ á mọ Woody Guthrie, onígìtá ará Oklahoma ní Amẹ́ríkà, tó kọ This Land Is Your Land ní 1940. Àmọ́ orin ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, àìsàn tó pa á ni.

Ara ìyá ẹ̀, Nora, ló ti kọ́kọ́ hàn. Obìnrin tó máa ń kọrin fáwọn ọmọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sódì, ara ẹ̀ ń já fìrìfìrì. Aráàlú ní orí ẹ̀ ti dàrú. Ní 1927, iná jó ọkọ ẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé òun ló sọ iná sí i. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Norman, ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ọdún 14 ni Woody nígbà tí wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí Woody fi máa sún mọ́ ogójì ọdún, ìwà tiẹ̀ náà ti yí padà. Lónìí inú ẹ̀ á dùn, lọ́la á fa ìbínú yọ. Ní 1952, ó gbéjà ko Marjorie ìyàwó ẹ̀. Àwọn dókítà kan ní ọtí ló ń dà á láàmú, àwọn mìíràn ní wèrè ni. Ó sì ń mutí lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n wá rí i ní Brooklyn pé àrùn Huntington ni, ohun tó mú ìyá ẹ̀ gan-an.

Àrùn àjogúnbá ni, ó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Bí òbí kan bá ní i, ewu tó wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 nínú 100. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìbínú, ìbànújẹ́ àti ìwà òdì lè ti wà níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ká ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni, ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan mìíràn ju èpè ìdílé tàbí iṣẹ́ ayé lọ!

Ọdún tó kù láyé Woody, ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1961, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bob Dylan wá kí i. Marjorie ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ òun ló ń tọ́jú ẹ̀. Woody kú ní October 3, 1967, lẹ́ni ọdún 55. Ọdún yẹn ni Marjorie dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún Woody náà jogún ẹ̀, ẹni ọdún 41 ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kú.

Ní 1993 ni wọ́n rí jíìnì tó ń fà á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ fún ọmọ bóyá ó ti jogún ẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó ń wò ó ò tíì sí.