Hugh, Bíṣọ́ọ̀bù Lincoln

Ní ìlú Lincoln, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kàtídírà kan wà lórí òkè tí èrò ọ̀nà ń rí láti òkèèrè. Ìtàn ẹni tí ó tún un kọ́ ni àwa fẹ́ fi sí iwájú àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé Ọlọ́run.

Ní ìwọ̀n ọdún 1140 ni a bí Hugh ní Avalon, nítòsí àwọn òkè Alps, ní ilẹ̀ tí í ṣe ti Faransé lónìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, bàbá rẹ̀ sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà kí wọn lè kọ́ ọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì Grande Chartreuse, tí wọn ń gbé láàrin òkè nínú ìdákẹ́jẹ́ àti àdúrà.

Ní 1170 àwọn ìjòyè Ọba Henry Kejì pa Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Láti fi ìrònúpìwàdà hàn, ọba dá ilé mọ́ńkì kan sílẹ̀ ní Witham. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò lọ déédé, títí ọba fi ránṣẹ́ pe Hugh ní ìwọ̀n ọdún 1180. Nígbà tí Hugh dé, ó bá àwọn tálákà lórí ilẹ̀ náà, tí a fẹ́ lé kúrò. Ó kọ̀ láti gba ipò olórí títí ọba fi san owó ilé àti àdánù fún olúkúlùkù wọn láìku ẹyọ kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí a sì fi omijé aláìní mọ kò sàn jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù April, 1185, ilẹ̀ mì tìtì, Kàtídírà Lincoln sì fọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a yan Hugh ní Bíṣọ́ọ̀bù. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iwájú ọba ni a ti yàn án, ó kọ̀, ó ní kí àwọn Kánọ́nì lọ dìbò ní ilé ara wọn láìsí ìbẹ̀rù. Òun náà ni wọ́n sì tún yàn.

Ní 1192 a bẹ̀rẹ̀ sí tún Kàtídírà kọ́. Àwọn fèrèsé tí orí wọn ṣóńṣó, àwọn ọwọ̀n òkúta dúdú dídán, àti òrùlé tí àwọn ìlà òkúta rẹ̀ kò ṣe déédé ara wọn bí ti ibòmíràn, wọ́n wà níbẹ̀ di òní. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ru òkúta lé èjìká bí lébìrà. Ó ń wẹ ẹsẹ̀ adẹ́tẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì dìde sí àwọn Júù, ó dúró níwájú àwọn tí ó mú idà lọ́wọ́, ó sì dá wọn lẹ́kun.

Ní 1197 Ọba Richard béèrè àwọn jagunjagun fún ogun òkè òkun. Hugh ní Ìjọ Lincoln kò jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ọba pàṣẹ kí a gba ohun ìní rẹ̀. Hugh rékọjá òkun lọ bá a nínú ilé ìsìn. Nígbà tí ọba sì yí ojú kúrò, ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó sì mì í títí ọba fi fi ẹnu kò ó lẹ́nu ní àmì àlàáfíà.

Ó kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù November, 1200. Ọba John wà lára àwọn tí ó gbé òkú rẹ̀ wọ Lincoln, àwọn Júù ìlú náà sì sunkún. Ní 1220 a kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Nítorí ọ̀pọ̀ èrò tí ń wá sí ibojì rẹ̀, a fa Kàtídírà gùn sí ìhà ìlà-oòrùn láàrin 1256 àti 1280.

Ní 1548 ṣóńṣó orí ilé ìṣọ́ àárín wó lulẹ̀, a kò sì gbé e dìde mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Hugh dúró. Nígbà tí a bá ń kó òkúta jọ fún ilé Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ń sunkún nítorí rẹ̀.