Bridgman, ẹni tí òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Tí mọ́tò bá lè gbéra ní páàkì Jíbówú kó forí lé inú ilẹ̀ tààrà, á rin 660 kìlómítà, bí ẹni ń lọ Àbújá, kó tó kan òkúta tó pọ̀ jù nínú ayé. Ẹnì kankan ò dé ibẹ̀ rí.

Percy Bridgman, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọ òkúta náà. Wọ́n bí i ní 1882. Ní Harvard, ó ń wádìí ohun tí nǹkan máa ń dà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ gidigidi. Irinṣẹ́ àwọn tó ṣáájú ẹ̀ máa ń jò. Ó bá ṣe ìdérí kan: bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dì sí i. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1946, ó kú ní 1961.

Ọdún 2014 ni òkúta yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ di bridgmanite. Òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi fisíìsì sílẹ̀, mi ò fi í sílẹ̀ mọ́ o.