Àlùhájì Abubakar Tafawa Balewa àti Iná Odò Ọya

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ikú Balewa ni ọ̀pọ̀ yín gbọ́. Ohun tó fi omi ṣe la fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Ọdún 1912 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Bauchi. Tíṣà ni kó tó di òṣèlú. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1955 láti wo bí wọ́n ṣe ń lo odò ńlá wọn. Ọ̀rọ̀ Odò Ọya ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní 1957 ó di olórí ìjọba. Dáàmù Kainji ni iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ètò ìdàgbàsókè ìjọba rẹ̀ ti 1962 sí 1968. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1964: wọ́n dí odò, omi gbá jọ sẹ́yìn ògiri, kó lè máa rọ́ lu ẹ̀rọ láti òkè. Ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tó kó kúrò nílé nítorí rẹ̀; omi bo Bussa àtijọ́ pátápátá. Owó kékeré kọ́ nìyẹn fún iná, lójú tiwa.

Ní oṣù kìíní 1966, àwọn sójà mú Balewa lọ ní Èkó. Ẹ̀bá ọ̀nà lágbègbè Ọ̀tà ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilẹ̀ Faransé ṣí ilé iṣẹ́ iná ti Rance, tó ń fi kíkún àti fífà òkun yí ẹ̀rọ. Kò sí òkun lẹ́bàá Ìmíní wa, odò la mọ̀.

Oṣù kejì 1969 ni Ọ̀gágun Gowon ṣí Kainji. Balewa ti lo ọdún mẹ́ta nínú sàréè ní Bauchi.