Harry Ferguson àti Katakata Kékeré Aláwọ̀ Eérú

Ní ìletò Growell, nítòsí ìlú Dromore ní apá àríwá ilẹ̀ Írẹ́lándì, ni a gbé bí Harry Ferguson ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1884. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, ọmọ mọ́kànlá ni ó sì bí. Nígbà tí Harry di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko. Ẹṣin ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà fi ń fa ohun ìtúlẹ̀ nígbà náà, àgbẹ̀ a sì máa tọ ẹṣin lẹ́yìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Harry kéré lára, iṣẹ́ yìí kò sì bá a lára mu rárá.

Ní ọdún 1902 ó tọ Joe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Belfast, níbi tí ó gbé ń tún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ yìí ti rí iṣẹ́ tí a dá a mọ́. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe agídí sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1909, ó fi ọkọ̀ òfuurufú tí ó fúnra rẹ̀ ṣe fò ní Hillsborough. Nǹkan bí yáàdì 130 péré ni ó fò, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́rọ fò ní ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ní ọdún 1911 ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń jà, oúnjẹ wọ́n. Ìjọba rán Ferguson àti William Sands, òṣìṣẹ́ rẹ̀, láti yí ilẹ̀ Írẹ́lándì ká, kí wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń lo katakata àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bà wọ́n nínú jẹ́. Àwọn katakata náà wúwo, wọ́n ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò sì ṣe ju pé kí wọ́n máa wọ́ ohun ìtúlẹ̀ tuurutu lẹ́yìn. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ohun ìtúlẹ̀ bá há mọ́ àpáta tàbí gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn katakata kò ní dẹ́kun yíyí. Iwájú rẹ̀ yóò gbéra sókè, gbogbo rẹ̀ yóò sì dojú dé lé awakọ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó bá bẹ́ẹ̀ kú.

Àwọn ẹlòmíràn rò pé kí a túbọ̀ mú katakata wúwo sí i ni ọ̀nà àbáyọ. Ferguson kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí katakata àti ohun ìtúlẹ̀ di ara kan ṣoṣo. Òun àti Sands àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbìyànjú títí. Ní ọdún 1926 ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n náà. Apá irin mẹ́ta ni a fi so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Agbára ọ́ìlì ni ó ń gbé e sókè, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, apá òkè yóò ti katakata síwájú, iwájú rẹ̀ yóò sì dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀. Ìwúwo ohun ìtúlẹ̀ yóò tún tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ó má baà yọ̀. Báyìí ni katakata kékeré ṣe ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ní ọdún 1936 ilé iṣẹ́ David Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe katakata náà, ṣùgbọ́n ọjà kò yá tó bí wọ́n ti fẹ́. Ní ọdún 1938 Ferguson gbé ọ̀kan kọjá òkun lọ han Henry Ford ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ya Ford. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, àdéhùn wọn sì dá lórí bíbọ ọwọ́ náà. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárín ọdún mélòó kan, katakata tí wọ́n jùmọ̀ ṣe lé ní 300,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-ọmọ Ford, ó ní àdéhùn ti parí, ó sì ń lo ọgbọ́n Ferguson lọ nínú katakata tuntun tirẹ̀. Ferguson pè é lẹ́jọ́ fún dọ́là mílíọ̀nù 251. Ẹjọ́ náà fa ọdún mẹ́rin gbáko. Ní ọdún 1952 ni wọ́n tó parí rẹ̀, Ferguson sì gba dọ́là 9,250,000.

Kò jókòó káwọ́ lérí ní gbogbo àkókò yìí. Láti ọdún 1946 títí di 1956, katakata TE20 tí ó lé ní 500,000 jáde ní Coventry. Àwọ̀ eérú ni a fi kùn ún. Sípánà kan ṣoṣo ni ó tó láti tú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú nọ́ọ̀tì ara rẹ̀ àti ti ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀, a sì sàmì ìwọ̀n sí ara sípánà náà kí àgbẹ̀ lè fi wọn nǹkan. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó jìnnà sí ìlú lè tún katakata rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1958, Edmund Hillary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun mẹ́ta nínú wọn dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé, láàárín yìnyín. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń tú wọn palẹ̀, tí wọ́n ń tò wọ́n padà, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Ferguson kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá gbé. Alágídí ni, a sì máa bínú sí ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ wúruwùru. Ṣùgbọ́n ìwà àṣepé yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1960.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kékeré ni Ferguson, kékeré ni katakata rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀ apá irin mẹ́ta tí ó ronú kàn ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ katakata káàkiri ayé lónìí, tí ń gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ikú òjijì.