Narathihapate: Ọba tó sá fógun, tó kú sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀

Ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ja Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ọba kan wà láyé àtijọ́ táwọn èèyàn rẹ̀ sọ lórúkọ tó túmọ̀ sí ọba tó sá fún àwọn ará Ṣáínà. Narathihapate lorúkọ rẹ̀, ìlú Pagan ló sì ti jọba.

Ọdún 1256 ló gorí ìtẹ́. Ìtàn fi yé wa pé òun kọ́ ni oyè tọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè fi í jẹ nítorí wọ́n rò pé àwọn yóò máa darí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lé Yazathingyan, olórí àwọn ìjòyè náà, kúrò nílùú. Ìgbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ló tó ránṣẹ́ pè é padà.

Ìjọba tó jogún kò lówó lọ́wọ́ mọ́. Ó ti lé ní 200 ọdún táwọn ọba àtàwọn olówó ti ń fi ilẹ̀ oko ta tẹ́ḿpìlì ẹ̀sìn Búdà lọ́rẹ, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọba. Síbẹ̀, Narathihapate tún kọ́ tiẹ̀, Mingalazedi, tó parí ní 1284.

Kublai Khan, ọba àwọn Mongol, ránṣẹ́ sí i ní 1271 pé kó wá máa sìn òun. Ó kọ̀. Àwọn tí wọ́n tún rán ní 1273 kò padà délé mọ́. Ní 1277, ogun bẹ́ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Marco Polo ṣe ròyìn, ẹ̀rù erin Pagan ba ẹṣin àwọn Mongol, ni wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń ta àwọn erin lọ́fà títí wọ́n fi sá wọ igbó.

Nígbà tí àwọn Mongol tún borí ní 1283, ọba fi ààfin sílẹ̀, ó sá lọ sí ìsàlẹ̀ odò Irrawaddy. Ó wá gbà láti máa sin Kublai, ó sì ń padà sílé ní 1287, àmọ́ Thihathu ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ gómìnà ìlú Prome, mú un, ó sì fipá mú un jẹ májèlé.

Bí ìjọba Pagan ṣe fọ́ nìyẹn. Ó lé ní 2,000 tẹ́ḿpìlì àti ilé ẹ̀sìn tó ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ọba. Òótọ́ làwọn àgbà sọ, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.