Laennec, Ẹni tí Ó Kọ́ Oníṣègùn ní Bí A Ti Ń Gbọ́ Àrùn Inú Àyà

Ta ni nínú wa tí kò tí ì rí ohun tí dókítà máa ń fi sí etí, tí yóò sì gbé ẹnu rẹ̀ lé àyà aláìsàn? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, René Laennec, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ìlú Quimper, ní ẹkùn Brittany, ni a bí i sí ní ọdún 1781. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn ní Nantes, ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ní ayé ìgbà náà, àrùn ẹ̀dọ̀fóró a máa bá ènìyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a má sì rí ìdí rẹ̀ àfi bí a bá la òkú onítọ̀hún. Ní 1816, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó sanra wà lábẹ́ ìtọ́jú Laennec. Fífi ìka lu àyà rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nítorí ọ̀rá. Kí ọkùnrin sì gbé etí lé àyà ọmọge, kò yẹ. Ó wá rántí pé bí a bá fi abẹ́rẹ́ họ orí ìtì igi, ẹni tí ó fi etí sí ìdí rẹ̀ yóò gbọ́. Ó ká ìwé róbótó bí fèrè (ó mọ fèrè fọn dáradára), ó gbé e lé àyà náà, ó sì gbọ́ ìró ọkàn ketekete. Lẹ́yìn èyí ni ó fi igi gbẹ́ ọ̀pá oníhò.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Necker ní Paris, ó ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí aláìsàn bá kú, a la àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá etí òun purọ́. Báyìí ni ó ṣe dá àrùn kan mọ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ fi ń há sínú ẹ̀dọ̀fóró: bí a bá lu àyà, a dún bí ìlù, ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi ń gbọ́ èémí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1819.

Àrùn yìí kan náà ni ó ń dààmú ọ̀pọ̀ amusìgá àti àwọn tí ń fa èéfín igi ìdáná símú lónìí, etí nìkan kò sì tó láti tètè mọ̀ ọ́n. Ní 1846, John Hutchinson gbé ẹ̀rọ kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń wọn èémí tí ènìyàn lè fẹ́ jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú àrùn náà fó lónìí, nígbà tí ẹni tí ó ní in ṣì ń rò pé ọjọ́ orí ni kò jẹ́ kí òun lè gun òkè mọ́. Èyí tí ó ti bàjẹ́ kò ṣe é dá padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jáwọ́ nínú sìgá yóò dín ìbàjẹ́ tí ń bọ̀ kù, oògùn tí a ń fà símú yóò sì mú kí mímí rọrùn fún un.

Ara Laennec fúnra rẹ̀ kò le rárá. Ní 1826, ó ní kí Mériadec, ìbátan rẹ̀ tí ó jẹ́ oníṣègùn, gbọ́ àyà òun. Ohun tí Mériadec ròyìn ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀: ikọ́ ife ni. Ó kú ní Brittany ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ní ẹni ọdún 45. Mériadec ni ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀ fún.