Jimi Hendrix: Àgbà onígìtá tí ó tọwọ́ bọ̀wé nítorí dọ́là kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Jimi Hendrix rí, ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tí ó mọ gìtá ta tó o láàárín àwọn olórin rock. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1965, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Ed Chalpin, oníṣòwò orin kan ní ìlú New York. Dọ́là kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí rẹ́kọ́ọ̀dù bá pa. Dọ́là kan yìí ni kò jẹ́ kí ó sinmi títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìlú Seattle ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 1942. Ọmọ ọdún 17 ni Lucille, ìyá rẹ̀, nígbà náà. Al, bàbá rẹ̀, sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Johnny Allen ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti ojú ogun dé, ó yí orúkọ náà padà sí James Marshall ní ọdún 1946. Ilé wọn kò tòrò. Àwọn òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kú ní ọdún 1958, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 16.

Ìgbálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé sáyà bí ẹni ń ta gìtá. Nígbà tí gìtá gidi yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, dọ́là márùn-ún ni wọ́n rà á. Alòsì ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ gìtá fún. Ó dorí gìtá kodò, ó tún okùn rẹ̀ tò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe ń ta á títí di ọjọ́ ikú. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kankan. Rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn àgbà olórin blues, bíi Muddy Waters àti B.B. King, ni olùkọ́ rẹ̀.

Ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1961. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Billy Cox, tí ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí lọ. Nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún 1962, ó di onígìtá alágbàṣe, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ó tẹ̀lé àwọn Isley Brothers, ó sì tẹ̀lé Little Richard. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n máa ń fi í sí, owó tí ó sì ń rí kò tó nǹkan. Irú ipò báyìí ni ó wà nígbà tí ìwé Chalpin dé iwájú rẹ̀.

Oríire rẹ̀ dé ní ọdún 1966. Chas Chandler, ọ̀kan nínú àwọn olórin Animals ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i níbi tí ó ti ń ṣeré ní New York, ó sì mú un lọ sí London ní oṣù kẹsàn-án. Chandler ra àwọn ìwé àdéhùn àtijọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìwé Chalpin kò sí lára wọn. Wọ́n fi Noel Redding àti Mitch Mitchell onílù kún un, ẹgbẹ́ wọn sì di Jimi Hendrix Experience.

Àwo orin wọn àkọ́kọ́, Are You Experienced, jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ohun tí ó ya àwọn olórin lẹ́nu ni ohùn gìtá náà. Bí ohùn gìtá bá ti inú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga jáde, ó lè padà wá mi okùn gìtá, kí ó sì máa hó láìdúró. Ọ̀pọ̀ onígìtá ń sá fún ariwo yìí. Hendrix kì í sá fún un: á sún mọ́ ẹ̀rọ, á jìnnà sí i, á darí ariwo náà títí yóò fi di orin. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́tí sí Red House nínú àwo náà yóò mọ̀ pé blues àwọn bàbá rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Axis: Bold as Love tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún 1967. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, Electric Ladyland jáde, rẹ́kọ́ọ̀dù méjì nínú páálí kan, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Voodoo Chile inú rẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí bí blues ṣe di rock lójú ara rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ó fi gìtá kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Woodstock, ayé sì ń sọ ọ́ dòní.

Ṣùgbọ́n bí òkìkí rẹ̀ ti kàn ni Chalpin gbé ìwé rẹ̀ jáde, tí ó sì gba kóòtù lọ. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí Hendrix fi odidi àwo orin kan san gbèsè. Òun pẹ̀lú Billy Cox àti Buddy Miles ṣeré ní Fillmore East ní New York ní òru ọdún tuntun 1970, wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, ó sì di Band of Gypsys. Machine Gun, orin ogun tí ológun àtijọ́ yìí kọ, wà nínú rẹ̀. Gbèsè dọ́là kan ni wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ san.

Hendrix kọ́ sítúdíò tirẹ̀, Electric Lady, sí New York, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 1970. Kò ju ọjọ́ 23 lọ lẹ́yìn náà tí ó kú ní London, ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ó lo oògùn oorun ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ ọdún 27 ni. Ìlú Renton, nítòsí Seattle, ni wọ́n sin ín sí.

Ikú kò parí ìjà náà. Orin rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, bàbá rẹ̀ sì ní láti lọ sí kóòtù kí ó tó gba ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ padà ní ọdún 1995, ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwo mẹ́ta ti sítúdíò péré ni ó parí nígbà ayé rẹ̀, àwọn onígìtá sì ń kọ́ṣẹ́ lára wọn títí dòní. Kí ọ̀dọ́ olórin tí ó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n gìtá rẹ̀ má ṣe gbàgbé ẹ̀kọ́ ìwé àdéhùn rẹ̀: kí ó kà á tán kí ó tó buwọ́ lù ú.